Ẹ Bèèrè, Ẹ Gbọ́: Lẹ́tà àwọn tó fẹ́ ka social psychology dé másítà

Okun o, gbogbo ilé. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ló sì wá láti apá Ìwọ̀-Oòrùn Kogi, láti Owé, Ìjùmú, Yàgbà, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa tó ń gbé Lọ́kọ́ja. Ó jọ pé àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ khaki àgùnbánirọ̀ ti ń wá ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Mo ṣa àwọn tó ń bèèrè nípa social psychology jọ, ìyẹn ẹ̀kọ́ tó ń wo bí èèyàn ṣe ń ronú àti bó ṣe ń hùwà nítorí àwọn tó yí i ká. Mo ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, mo sì yọ orúkọ kúrò, kí ìjà má baà dé sílé onílé.

ÌBÉÈRÈ: Okun mà. Sociology ni mo kà, second class upper ni mo gbà, mo sì ti sin ìlú tán. Ìsánlú ni mo wà báyìí, mò ń bá ìyá mi tajà. Mo fẹ́ lọ ṣe másítà nínú social psychology àmọ́ bàbá mi ní ṣé wèrè ni mo fẹ́ máa tọ́jú ni, pé tó bá jẹ́ torí wèrè kí n kúkú lọ ka nọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ábújá ní kò síṣẹ́ nídìí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n ń kà níbẹ̀ gan-an, ṣó le, ṣé wọ́n á gbà mí pẹ̀lú sociology? (Ọmọ Yàgbà, Ìsánlú)

ÈSÌ: Okun, ọmọ mi. Kọ́kọ́ bá mi kí bàbá ẹ dáadáa. Kí o wá ṣàlàyé fún wọn pé dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, irú Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo tó ṣiṣẹ́ ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, láwọn ọdún 1950, iṣẹ́ ìṣègùn ni tiẹ̀, lọ́tọ̀ ni. Bó tiẹ̀ jẹ́ pé Lambo náà mọ̀ pé àwọn tó yí èèyàn ká kì í ṣe nǹkan kékeré, ìdí nìyẹn tó fi ní kí àwọn aláìsàn máa gbé láàrin àwọn ará abúlé tó wà nítòsí Arò, kí mọ̀lẹ́bí wọn sì wà lọ́dọ̀ wọn. Ní tiwa, ẹni tí orí ẹ̀ pé là ń wò. Ẹni tó jókòó nípàdé ìdílé, tó mọ̀ dájú pé ohun tí wọ́n ń sọ ò rí bẹ́ẹ̀, tó sì tún nawọ́ sókè pé òun fara mọ́ ọn, kí ló ṣe é? Ìyá tó jẹ́ pé tọmọ Ẹ̀gbẹ̀, tọmọ Kabba ló ń tajà fún láìsí ìjà, tí wọ́n bá wá sọ pé àwọn kan fẹ́ gba oyè lọ́wọ́ ìlú ẹ̀, tó di pé kò fẹ́ rí wọn sójú mọ́, kí ló yí i padà láàrin ọ̀sẹ̀ kan? Irú ẹ̀ là ń kà.

Ọdún kìíní, tíórì pọ̀, ìlànà ìwádìí wà, sìtátísíìkì sì wà tó máa ń gba omijé lójú àwọn míì. Lẹ́yìn ìyẹn sẹminá, lẹ́yìn ẹ̀ tíṣíìsì tí wàá gbèjà níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, tí ọ̀kan nínú wọn á ti yunifásítì míì wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ kọ́ọ̀sì ló yẹ kó o mọ̀, ohun tó yẹ kó o mọ̀ ni bí ìrònú ibẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí ti dìgírì àkọ́kọ́, jẹ́ kí n fi ìwádìí kan ṣàlàyé.

Solomon Asch, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì kan ní Amẹ́ríkà, láwọn ọdún 1950, máa ń kó àwọn ọmọ yunifásítì jókòó sí yàrá kan, á gbé ìlà kan kalẹ̀, á ní kí wọ́n sọ èwo nínú ìlà mẹ́ta míì ló gùn bákan náà pẹ̀lú ẹ̀. Ọmọdé á mọ̀ ọ́n. Àmọ́ gbogbo àwọn tó wà níjòókòó ló ti bá Asch mulẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ò mọ nǹkan kan, apá ìparí ni wọ́n sì máa ń fi í sí kó lè gbọ́ tàwọn yòókù kí tiẹ̀ tó kàn. Tó bá yá, àwọn yòókù á jọ mú ìlà tí kì í ṣe òun, lójú kedere báyìí. Nínú ìgbà mẹ́ta tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó lé díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan tí ẹni tí ò mọ̀kan yẹn máa bá wọn sọ irọ́ náà. Nínú èèyàn mẹ́rin, mẹ́ta ló tẹ̀ lé wọn ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kẹrin ò tẹ̀ lé wọn rárá.

Ọmọ dìgírì àkọ́kọ́ á há èyí sórí, á kọ ọ́ sínú ìdánwò, á gba máàkì ẹ̀, ó parí. Ní másítà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ò tẹ̀ lé wọn yẹn ńkọ́, kí ló dé táwọn ìwé fi ń pariwo àwọn tó tẹ̀ lé wọn nígbà tó jẹ́ pé lọ́pọ̀ ìgbà òótọ́ làwọn èèyàn yẹn sọ? Ṣé wọ́n gba irọ́ yẹn gbọ́ ni àbí wọ́n kàn ń sá fún ìtìjú? Asch fúnra ẹ̀ ní kí àwọn kan kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ dípò kí wọ́n sọ ọ́ síta, àṣìṣe já wálẹ̀, ó tún fi ẹnì kan tó ń sọ òótọ́ sáàrin àwọn yòókù, ó tún já wálẹ̀ gan-an. Àti pé ọkùnrin, ọmọ yunifásítì, ará Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn, ta ló sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí ní Mopa? Lọ́dún 1996 Bond àti Smith kó ìwádìí 133 tó fara jọ ti Asch jọ láti orílẹ̀-èdè 17, wọ́n rí i pé níbi tí wọ́n ti ń fi ti ẹbí àti ẹgbẹ́ ṣáájú ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, títẹ̀lé máa ń pọ̀ jù, wọ́n sì tún rí i pé ní Amẹ́ríkà pàápàá ó ti ń dín kù látìgbà tí Asch ti ṣe tiẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ ẹ pé ìwà ẹ̀dá ni, ó lè jẹ́ ìwà àwọn kan, níbì kan, nígbà kan. Lọ́dún 2010 ni Henrich, Heine àti Norenzayan la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ pé 96 nínú 100 àwọn tí wọ́n ń fi ṣe ìwádìí sáíkọ́lọ́jì ló wá láti àwọn orílẹ̀-èdè tí èèyàn inú wọn ò ju 12 nínú 100 gbogbo ará ayé lọ. Ọmọ Yàgbà ò sí níbẹ̀. Torí ẹ̀ ni inú mi ṣe ń dùn tí mo bá rí lẹ́tà irú ẹ.

Ní ti gbígbà, Ìbàdàn, Ifẹ̀, Èkó, Nsukka, gbogbo wọn ló ní ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì. Ibì kan lè gbà ẹ́ tààrà, ibòmíì lè ní kó o kọ́kọ́ ṣe postgraduate diploma nínú sáíkọ́lọ́jì torí kì í ṣe òun lo kà. Má gba ti ẹni tó ń bá èèyàn fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní káfè gbọ́, ka ohun tí postgraduate school wọn gbé jáde fúnra ẹ. Kó o sì ti máa lé transcript ẹ báyìí, má dúró dìgbà tí fọ́ọ̀mù bá jáde, torí transcript nílẹ̀ yìí, àdúrà ni wọ́n fi ń gbà á.

Iṣẹ́ ńkọ́? Mi ò ní parọ́ fún ẹ, o ò ní rí pátákó ibì kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn ń wá social psychologist. Àwọn tí mo mọ̀ tó kà á, àwọn míì ń kọ́ni ní yunifásítì, àwọn míì wà ní NGO tó ń ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí ọ̀rọ̀ ìbò, àwọn míì wà ní ilé iṣẹ́ tó ń wádìí ọjà, àwọn míì wà ní ọ́fíìsì tó ń gbani síṣẹ́. Ohun tó ń fún wọn níṣẹ́ ni pé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ìwà èèyàn kí wọ́n sì fi dátà sọ̀rọ̀, kì í ṣe orúkọ tó wà lórí sátífíkéètì. Tó o bá sá fún sìtátísíìkì, òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n ẹ sọ, kò síṣẹ́ nídìí ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ti wà ní másítà, súpáfáísọ̀ mi sì ti dá tópíìkì mi padà. Mo fẹ́ ṣe é lórí bí àwọn èèyàn ò ṣe ń ṣiṣẹ́ ìlú dáadáa mọ́. Lábúlé wa nítòsí Ìyàrà, tí wọ́n bá ní ká jáde wá ro ojú ọ̀nà, àwọn kan ò ní wá, àwọn tó wá, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa roko, àwọn yòókù á fara ti ọkọ́ máa tàkúrọ̀sọ. Súpáfáísọ̀ ní àròyé lásán ni, pé kò sí tíórì níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe? (Ọmọ Ìjùmú)

ÈSÌ: Tíórì wà níbẹ̀ yamùyamù, ìwọ lo ò tíì fi hàn án. Súpáfáísọ̀ ẹ ò burú, àròyé ni lóòótọ́ títí o fi máa sọ ọ́ di ìbéèrè tí a lè dáhùn.

Ẹ̀ríńjíníà iṣẹ́ àgbẹ̀ kan wà ní Faransé tó ń jẹ́ Ringelmann, ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ló ń ní kí àwọn ọkùnrin fa okùn, ó ń wọn agbára wọn, ọdún 1913 ló sì tó gbé e jáde. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i nídìí okùn, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò ń dín kù. Ìwọ náà lè rò pé torí wọn ò fà á lẹ́ẹ̀kan náà ni, ọ̀kan ń fà, èkejì ń dẹwọ́, ó ṣeé ṣe. Torí ẹ̀ ni Ingham àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe di aṣọ mọ́ èèyàn lójú lọ́dún 1974, wọ́n ní kó máa fà, wọ́n jẹ́ kó rò pé àwọn míì wà lẹ́yìn òun tí wọ́n ń bá òun fà á, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń fà. Agbára ẹ̀ ṣì wálẹ̀. Lọ́dún 1979 Latané, Williams àti Harkins ní kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ kí wọ́n sì máa pariwo, nǹkan kan náà, àwọn ló sì sọ ọ́ lórúkọ tó wà nínú gbogbo ìwé báyìí, social loafing. Nígbà tó di 1993, Karau àti Williams kó ìwádìí 78 jọ, ohun tó jáde ni pé ìmẹ́lẹ́ yẹn máa ń dín kù tí wọ́n bá lè rí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe, tí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ohun tó ká èèyàn lára, tí àwọn tó jọ ń ṣe é bá sì ṣe pàtàkì sí i.

Ó yá, padà sí abúlé yín. Àwọn baba wa ní àáró, wọ́n sì ní ọ̀wẹ̀. Nínú àáró, lónìí oko mi, lọ́la oko ẹ, ebè tí kálukú kọ wà níbẹ̀ tí gbogbo ojú ń rí i, gbèsè ni, tó o bá mẹ́lẹ́ lóko mi èmi náà mọ bí mo ṣe máa wá sí tìẹ. Nínú ọ̀wẹ̀, onílé ló bẹ̀ yín, ó sè, ẹ jẹ, ẹ mu, kò sẹ́ni tó ń ka ebè. Iṣẹ́ ìlú tòde òní tún wá yàtọ̀, ojú ọ̀nà kì í ṣe ti ẹnì kankan, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ibi tí mo ro parí síbí, ibi tí ìwọ ro bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Ṣé o rí i pé ohun tí Karau àti Williams ń sọ gan-an nìyẹn? Àwọn àgbẹ̀ wa ti ń lò ó tipẹ́. Àmọ́ má tíì kọ ọ́ sínú tíṣíìsì pé àáró ló dáa jù, o ò tíì wọn nǹkan kan, o kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni.

Kọ́kọ́ ya nǹkan méjì tó o dàpọ̀ sọ́tọ̀. Ẹni tí ò wá rárá àti ẹni tó wá tó fara ti ọkọ́, ọ̀ràn wọn ò jọra. Ẹni tí ò wá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ṣírò ẹ̀ ni, ó mọ̀ pé wọ́n á ro ọ̀nà yẹn bí òun ò tiẹ̀ wá, òun náà á sì gbà á kọjá, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ló sábà ń kọ ìwé lórí irú èyí. Ẹni tó wá tó ń ṣe ìmẹ́lẹ́ ni tiwa. Mú ọ̀kan.

Tó o bá mú tiwa, o lè ṣe é báyìí. Bá baálẹ̀ àtàwọn olórí ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀, kí iṣẹ́ ìlú máa lọ bó ṣe ń lọ, àmọ́ kó o pín ọ̀nà sí apá-apá, kó o ṣẹ́ kèké, apá kan kí wọ́n jọ ro ó pọ̀, apá kejì kí wọ́n fi okùn tàbí igi pààlà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kèké yẹn ṣe pàtàkì o, ìwọ kọ́ ló máa yan ẹni tó máa wà níbo, torí tó o bá fi àwọn alágbára síbi tí wọ́n ti pààlà, iṣẹ́ ẹ ti bàjẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀ fi téèpù wọn mítà tí wọ́n ro. Má fún wọn ní fọ́ọ̀mù pé ṣé ẹ ṣiṣẹ́ dáadáa, ta ló fẹ́ sọ pé òun ò ṣe é. Koríko ibì kan lè le ju tibòmíì lọ, oòrùn lè mú lọ́jọ́ kan ju ọjọ́ kejì lọ, kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kó o sì pààrọ̀ àwọn èèyàn náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Àti pé, tí o bá fẹ́ kí súpáfáísọ̀ ẹ rẹ́rìn-ín, bèèrè nípa owó ìtanràn. Mo mọ̀ pé àwọn abúlé kan ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ò bá jáde. Gneezy àti Rustichini gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2000 tí wọ́n ṣe ní Haifa, ní Ísírẹ́lì, láwọn ilé ìtọ́jú ọmọdé mẹ́wàá. Àwọn òbí máa ń pẹ́ kí wọ́n tó wá mú ọmọ, ni wọ́n bá fi owó ìtanràn sí i láwọn kan nínú ilé ìtọ́jú yẹn. Dípò kí pípẹ́ dín kù, ńṣe ló pọ̀ sí i. Ojú tó ń ti àwọn òbí tẹ́lẹ̀ kúrò ńlẹ̀, wọ́n gbà pé àwọn ti sanwó ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá yọ owó yẹn kúrò, pípẹ́ ò padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ṣé bó ṣe máa rí nìyẹn ní Ìjùmú? Mi ò rò pé ó dájú rárá, torí ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó sanwó tán ṣì máa pàdé bàbá àgbà níta tí yóò bi í pé níbo ló wà lọ́jọ́sí. Tópíìkì gidi wà níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú déédéé ìwòyí. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní másítà bá mi jiyàn pé ìtàn obìnrin tí wọ́n pa ní New York tí èèyàn 38 ń wò tí wọn ò ṣe nǹkan kan, tí mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́, pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ti ọgbà ẹ̀wọ̀n Stanford náà ò ṣeé gbára lé. Ṣé irọ́ ni wọ́n wá ń kọ́ wọn ní yunifásítì ni? (Bàbá Olùkọ́, Ẹ̀gbẹ̀)

ÈSÌ: Okun o, bàbá. Ẹ má bínú sí ọmọ yín, ohun tó sọ tọ́, ó sì fi hàn pé owó ilé ìwé tí ẹ ń san ò ṣòfò.

Oṣù kẹta ọdún 1964 ni wọ́n pa obìnrin náà, Kitty Genovese. Ìwé ìròyìn New York Times ló gbé e pé èèyàn 38 rí i tí wọn ò pe ọlọ́pàá. Nígbà tí àwọn olùwádìí tún ìwé ilé ẹjọ́ yẹ̀ wò, àwọn tó rí nǹkan kan gidi ò tó bẹ́ẹ̀ rárá, ọ̀pọ̀ ò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ dáadáa, ẹ̀rí sì wà pé àwọn kan gbìyànjú láti ṣe nǹkan. Ìtàn yẹn ló fa ìwádìí Darley àti Latané tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1968, àmọ́ ìwádìí náà dá dúró láyè ara ẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí ọmọ yunifásítì kan máa gbọ́ ohùn ẹni tí gìrì mú nínú ẹ̀rọ. Nínú àwọn tó rò pé àwọn nìkan ló ń gbọ́ ọ, 85 nínú 100 ló dìde lọ wá ìrànlọ́wọ́ kí ohùn yẹn tó dákẹ́, nínú àwọn tó rò pé èèyàn mẹ́rin míì ń gbọ́, 31 péré.

Ẹ wá wo ìwádìí míì o, bàbá. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, Philpot àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wo fídíò kámẹ́rà ìgboro lórí ìjà 219 ní Amsterdam, ní Lancaster àti ní Cape Town tó wà níbí ní Áfíríkà wa. Nínú ìjà mẹ́wàá, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ni ẹnì kan ó kéré tán dá sí, bí èrò sì ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe ṣeé ṣe tó kí ẹnì kan dá sí i. Ṣé wọ́n takora ni? Rárá. Darley àti Latané ń bèèrè pé èèyàn kan ṣoṣo, kí ló máa ṣe. Àwọn onífídíò ń bèèrè pé ẹni tí wọ́n ń lù, ṣó máa rí olùgbàlà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lè fà sẹ́yìn díẹ̀ kó sì jẹ́ pé láàrin ogún èèyàn, ẹnì kan á ṣì jáde. Ní ibùdókọ̀ Kabba tí ìjà bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í pẹ́ tí wọ́n fi máa ń là á.

Ti Stanford, ọdún 1971, wọ́n fi àwọn ọmọ yunifásítì kan ṣe wọ́dà, wọ́n fi àwọn míì ṣe ẹlẹ́wọ̀n nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n àfiṣeré, ọjọ́ mẹ́fà péré ló lò dípò ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n máa ń sọ pé aṣọ wọ́dà lásán ló sọ àwọn ọmọ yẹn dìkà. Àwọn ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà yẹn ti fi hàn pé àwọn tó ṣe ìwádìí náà ló ń ti àwọn wọ́dà náà láti le koko. Ìyẹn ti yí ìtumọ̀ ẹ̀ padà. Milgram, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì míì ní Amẹ́ríkà, ní tiẹ̀, tó ní kí àwọn ọkùnrin 40 máa fi iná ṣóòkì ẹlòmíì (kò síná níbẹ̀, eré ni), 26 nínú wọn tẹ̀ ẹ́ dé 450 volts, àríyànjiyàn pọ̀ lórí ohun tó fà á, àmọ́ kò wó bíi ti Stanford. Ó tún burú ju báyìí lọ fún wa: lọ́dún 2015, ẹgbẹ́ ńlá àwọn olùwádìí tún ìwádìí sáíkọ́lọ́jì 100 ṣe, nǹkan bíi 36 nínú 100 ló tún jáde bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, apá tiwa, social psychology, nǹkan bí ìdámẹ́rin péré ni. Èmi ò fi ìyẹn pamọ́ fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo máa ń sọ fún wọn. Ẹ máa bá ìwàásù yín lọ, bàbá, Lúùkù orí kẹwàá ti tó yín lò, ará Samáríà yẹn ò nílò New York.

ÌBÉÈRÈ: Mo pín fọ́ọ̀mù tó lé ní igba ní Kabba àti Mopa lórí bí wọ́n ṣe rí àwọn àlejò tó wá gbé láàrin wa. Gbogbo èèyàn ló mú "mo fara mọ́ ọn gan-an", àtèyí tó dáa àtèyí tí ò dáa. Dátà mi ti bàjẹ́ àbí? (Ọmọ Owé)

ÈSÌ: Kò bàjẹ́ tán, ó ti sọ nǹkan fún ẹ, kì í ṣe ohun tó o bèèrè ni. Lọ́dún 1932 ni Likert, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì kan, gbé irú fọ́ọ̀mù onídáhùn márùn-ún yẹn, láti "mo fara mọ́ ọn gan-an" dé "mi ò fara mọ́ ọn rárá", kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń kún un níbẹ̀ mọ̀ pé ìbéèrè ilé ìwé ni. Níbí, àlejò tó múra dáadáa mú bébà dé, ó lè jẹ́ ìjọba, ó lè jẹ́ olóṣèlú, ó lè jẹ́ pé owó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé sì ni pé a kì í já àlejò kulẹ̀. Tó o bá tún wá lọ jókòó sí iwájú ilé baálẹ̀ kó o máa bi wọ́n níbẹ̀, ta ló máa sọ pé òun ò fẹ́ àlejò?

Tún un ṣe báyìí. Bi wọ́n ní ìkọ̀kọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ àwọn gbólóhùn kan lódì-lódì sáàrin fọ́ọ̀mù kó o lè mọ ẹni tó ń fara mọ́ gbogbo nǹkan. Bèèrè ohun tí wọ́n ti ṣe, má bèèrè ohun tí wọ́n rò nìkan: ṣé wọ́n ti yá àlejò nílẹ̀ rí, ṣé wọ́n ti bá a jẹun, ṣé ọmọ wọn lè fẹ́ ọmọ ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí LaPiere, onímọ̀ sociology kan, ti fi ìyàtọ̀ tó wà láàrin ẹnu àti ìwà hàn, 1934, òun àti tọkọtaya ará Ṣáínà kan rìnrìn àjò yíká Amẹ́ríkà, hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ 251 ni wọ́n yà, ibì kan ṣoṣo ló lé wọn, nígbà tó wá kọ lẹ́tà sí wọn lẹ́yìn náà pé ṣé wọ́n á gba ará Ṣáínà, ó lé ní 90 nínú 100 àwọn tó dá a lóhùn tó ní rárá. Ní ti àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn ẹnu ló burú ju ìwà lọ, tiwa lè jẹ́ òdìkejì ẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ẹ ńkọ́, èdè wo lo fi kọ ọ́? Tó bá jẹ́ Yorùbá inú ìwé, ìyá àgbà tó gbọ́ Owé nìkan lè máa mi orí lásán. Wá ẹni tó gbọ́ Owé dáadáa kó túmọ̀ ẹ̀, kó o wá fún ẹlòmíì tí ò rí ti àkọ́kọ́ kó dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí wọn ò bá ti bára mu ni wàhálà wà. Kó o dán an wò lọ́wọ́ èèyàn díẹ̀ kó o tó pín in káàkiri. Àti ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwà ọmọlúwàbí nínú ìwádìí, mo rò pé o ti gbà á? Àṣẹ baálẹ̀ ò tó. Baálẹ̀ lè jẹ́ kó o wọ ìlú, kò lè gbà fún ìyá àgbà pé kó dáhùn.

ÌBÉÈRÈ: Mà, voice note tó ń lọ lórí WhatsApp pé wọ́n ti jí èèyàn gbé lọ́nà Kabba sí Lọ́kọ́ja, tí kì í sì í ṣe òótọ́ nígbà míì, ṣé mo lè fi ṣe tíṣíìsì? (Akẹ́kọ̀ọ́, Lọ́kọ́ja)

ÈSÌ: O lè ṣe é, ó sì dáa. Hasher, Goldstein àti Toppino ti fi hàn lọ́dún 1977 pé ọ̀rọ̀ téèyàn bá ti gbọ́ rí, ó máa ń dà bí òótọ́ sí i nígbà tó bá tún gbọ́ ọ, yálà òótọ́ ni àbí irọ́. Group ìdílé, group ṣọ́ọ̀ṣì, group àwọn tá a jọ kàwé jáde, ohùn kan náà á ti ọ̀nà mẹ́ta wọlé. Ṣùgbọ́n má fi ọ̀rọ̀ ìjínigbé dán ẹnikẹ́ni wò, ewu tó wà lọ́nà yẹn kì í ṣe eré, tí ẹnì kan bá gbọ́ irọ́ lọ́dọ̀ ẹ tó sì pa ìrìn àjò sí ilé ìwòsàn tì ńkọ́? Lo ọ̀rọ̀ tí ò léwu, kó o sì sọ òótọ́ fún kálukú kó tó kúrò níwájú ẹ. Bí o ò bá sọ bó o ṣe máa ṣe ìyẹn, ìgbìmọ̀ tó ń fúnni láṣẹ ìwádìí ò ní buwọ́ lù ú.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé dandan ni kí n ra SPSS, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe sìtátísíìkì? Iná ò fi bẹ́ẹ̀ sí ní Odò-Ẹ̀rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège. (Ọmọ másítà)

ÈSÌ: Kì í ṣe dandan. R ọ̀fẹ́ ni, JASP tí wọ́n ṣe ní yunifásítì Amsterdam náà ọ̀fẹ́ ni, ojú JASP sì jọ ti SPSS, kò ní rú ẹ lójú. Wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa lọ́jọ́ kan kó o dà á sórí láptọ́ọ̀pù, lẹ́yìn ìyẹn kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́. G*Power náà, òun lo máa fi mọ iye èèyàn tó o nílò kó o tó jáde lọ pín fọ́ọ̀mù, ọ̀fẹ́ lòun náà. Kó o sì bi súpáfáísọ̀ ẹ kó o tó bẹ̀rẹ̀, torí àwọn kan ò fẹ́ rí èsì tí kì í ṣe ti SPSS, tó bá jẹ́ irú wọn ni tìẹ, kọ̀ǹpútà ẹ̀ka yín lè ní in.